Kíka kókó gbòǹgbò kò tó

Sí Olóòtú,

Àwọn kan máa ń fa ẹ̀wà tu, wọ́n á ka kókó ara gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti mọ iye náítírójìn tó gbà láti inú afẹ́fẹ́. Rárá o. Fífà yẹn gan-an ló ń já kókó sínú ilẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ wà á, ẹ rọra fi omi ṣàn án, kí ẹ wá fi abẹ la kókó kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran tútù, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó ti di àwọ̀ ewé, kò ṣe nǹkan kan.

Iye gan-an wà lọ́wọ́ náítírójìn 15, irú náítírójìn kan tó wúwo díẹ̀ ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ, èyí tí ilẹ̀ sábà máa ń ní ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀. Ẹ gbin àgbàdo, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń fún un ní tirẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wà lọ́jọ́ kan náà. Bí èso ẹ̀wà bá ń kún, ẹ gé méjèèjì, ẹ mú wọn gbẹ ní 65°C títí ìwúwo wọn kò fi ní yí mọ́, ẹ lọ̀ wọ́n kúnná fún lábúrátọ́rì. Ẹ yọ iye náítírójìn 15 tí lábúrátọ́rì bá rí nínú ẹ̀wà kúrò nínú ti àgbàdo. Ẹ tún yọ iye ẹ̀wà tí a gbìn sínú yanrìn tí kò ní náítírójìn kúrò nínú ti àgbàdo, kí ẹ fi èyí pín ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ìyẹn ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn ẹ̀wà tó ti inú afẹ́fẹ́ wá.

Bí ti àgbàdo kò bá fi 2 nínú ẹgbẹ̀rún ju ti afẹ́fẹ́ lọ, ẹ má gbára lé èsì yẹn. Ẹ má sì fọ́n ajílẹ̀ yúríà síbẹ̀: ẹ̀wà tó rí náítírójìn nílẹ̀ kì í wá ti afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òǹkàwé yín