Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Woolwich, London

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé nìkan ló wọ̀ mí létí. Ìgbà kẹrin ni mo tó gbọ́ ohun tí o rọra sọ kẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí oorun sùn mọ́."

O ti sọ ọ́ fún mi rí. Mo ní kí o gbààwẹ̀, pé àwọn tó ń wá ọ̀nà dé ibi tí o wà pọ̀ bí yanrìn. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Láti 11 oṣù Kẹta 2024 ni ìjọba Ìlú Ọba ti ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó má mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni o lọ, àwọn ọmọ sì kù sọ́dọ̀ mi. O ń fi gbogbo òru wẹ ìyá oníyàá, o sì ń padà sí yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi ọ́ bóyá o jẹun.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Abẹ́òkúta la dàgbà sí, a sì máa ń fi Aro, ọsibítù àwọn aláìsàn ọpọlọ, bú ara wa. Ṣùgbọ́n ní Aro yẹn, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká. Ẹbí aláìsàn ní láti bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Oògùn wà, ènìyàn sì wà. Ìwọ kò ní ìkankan nínú méjèèjì.

Pe 111, nọ́ńbà ìlera ibẹ̀, kí o tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, wọn kì í gbowó. Sọ fún ìyá Ìjẹ̀bú tí ẹ jọ ń lo kíṣìnnì. Àdúrà mi kò dúró, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì bá ní kí o da oògùn nù, má dá a lóhùn.

Mo ti bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀ la ó máa san án. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọ̀la la ó pè ọ́, èmi àti àwọn ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wá sí ọ lẹ́nu, ṣáà gbé e, kí o máa gbọ́ ariwo wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ