Ásíìdì sínú omi: ẹ máa rú u

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn àlàyé tó ń jáde lórí pípo omi bátìrì (ásíìdì tí a fi omi là, tó ń wà nínú bátìrì ọkọ̀) sábà máa ń ní kí a da ásíìdì àti omi pọ̀, wọn kì í sọ èyí tó ń ṣáájú. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ inú ike. Ásíìdì la ó wá máa dà lé e.

Ọ̀pọ̀ ló mọ ìyẹn, síbẹ̀ wọ́n ń jóná, torí wọn kì í rú u. Sulfuric acid, ásíìdì tí a ń lò fún bátìrì, tó jẹ́ ìdá 98 nínú 100 wúwo tó omi lọ́nà 1.84. Tí a kò bá rú u, yóò rì sísàlẹ̀, yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ ni gbogbo ooru rẹ̀ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹni tó da omi lé ásíìdì tilẹ̀ burú jù: omi yóò léfòó, yóò hó lójú ẹsẹ̀, yóò sì ta ásíìdì sí i lójú.

Fún nǹkan bíi lítà kan omi bátìrì tó wúwo tó omi lásán lọ́nà 1.28, ẹ wọn 800 mílílítà omi distilled (omi tí a sọ di oruku, tí a sì tún mú padà di omi) àti 260 mílílítà ásíìdì ìdá 98 yẹn. (Àpapọ̀ rẹ̀ kò ní pé 1,060, ṣe ni wọ́n ń fún ara wọn láàyè.) Ẹ da 20 mílílítà ásíìdì sínú omi náà, ẹ fi ọ̀pá gíláàsì rú u, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó da òmíràn. Bó bá ti ń sún mọ́ 50 dígírì, ẹ dúró, ẹ gbé ike náà sínú omi tútù. Ike polypropylene ló dáa. Ìgò gíláàsì lásán máa ń là nítorí ooru, garawa onírin sì ń mú háídrójìn jáde.

Bátìrì tí omi rẹ̀ lọ sílẹ̀ kò fẹ́ ásíìdì rárá. Omi nìkan ló ń lọ nígbà tó bá ń gba iná, omi distilled nìkan ni kí ẹ fi kún un. Hydrochloric acid, tó jẹ́ ásíìdì mìíràn, ní tirẹ̀ ń rú èéfín, ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kò sì gbọdọ̀ kan bílíìsì, kó má baà mú gáàsì klórínì olóró jáde.

Ẹ wọ gọ́gùlù tó bo ojú yíká. Awò ìkàwé kì í ṣe ààbò. Bó bá ta sí ara, ẹ bọ́ aṣọ náà, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ojú, ẹ máa fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Baking soda wà fún ilẹ̀ tí ásíìdì dà sí, kì í ṣe fún awọ ara tàbí ojú.

Òǹkàwé yín,
Onímọ̀ kẹ́mísírì