Ẹ bi wọ́n léèrè iye tó ń wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí òǹkàwé yín kan ti sọ pé olè paraku ni gbogbo àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní 200 Mbps (ìyẹn iye megabit tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lòun ń sanwó fún, àmọ́ 35 ni fóònù òun ń gbé jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí n máa fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àti ọ́fíìsì, kí n so ráùtà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, mọ́ ògiri, kí n sì wá ohun tó ń ṣe é nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan nínú wọn. Onílé ló ń sanwó fún mi. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń bí èmi náà nínú, bóyá ju bó ṣe ń bí òǹkọ̀wé yẹn lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi í: níbo ló jókòó sí nígbà tó ń wọ̀n ọ́n? Ìdí ráùtà ni ọwọ́ àwọn tó ń tà á mọ. Láti ìdí ráùtà dé orí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ onílé ló wà. Ọ̀nà méjì ni Wi-Fi sábà máa ń gbà, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ti 2.4 máa ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n kò yára, gbogbo aládùúgbò ló sì ń rọ́ lu ara wọn lórí rẹ̀. Ti 5 yára gan-an, àmọ́ ògiri méjì péré ti tó láti sọ ọ́ di aláìlágbára. Bí fóònù bá wà lórí 2.4 nínú yàrá tó kángun sẹ́yìn, 35 kò yà mí lẹ́nu rárá, bí 200 tilẹ̀ pé pérépéré nídìí ráùtà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti wọ ilé oníbàárà, mo máa ń pa Wi-Fi lórí kọ̀ǹpútà mi, mo á sì fi okùn so ó mọ́ ráùtà tààrà. Nígbà mìíràn, 94 ló máa gbé jáde. Tí n bá ti rí 94 níbi tí wọ́n ti ń san owó 200, n kì í pe ilé-iṣẹ́ kankan. Okùn yẹn gan-an ni mo máa ń tọ̀ lọ. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì gbọ́dọ̀ pé kó tó lè gbé 1,000 Mbps. Bí ẹyọ kan bá já, ohun tó máa gbé kò ní ju 100 lọ mọ́, nígbà tí ètò ìfiránṣẹ́ bá sì ti mú tirẹ̀ níbẹ̀, nǹkan bíi 94 ló máa kù. Mo mọ àwọn tó ti ń bú ilé-iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ nítorí okùn tí ẹsẹ̀ tábìlì wọn tẹ̀ fọ́.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n máa rí i pé fáìlì ń wọlé ní megabyte 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n á ní níbo ni 100 tí àwọn sanwó fún wọlé sí. Megabit ni wọ́n fi ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, megabit mẹ́jọ ló sì wà nínú megabyte kan. Ẹ pín 100 sọ́nà mẹ́jọ, 12.5 ni. Wọn kò rẹ́ wọn jẹ.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí oníbàárà. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà.

Ọ̀pọ̀ okùn fáíbà, ìyẹn okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni, tó ń wọ ilé lónìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní GPON, okùn kan ń gbé nǹkan bíi 2,500 Mbps bọ̀, wọ́n á wá pín in fún ilé 32 tàbí 64. Bí ilé 64 bá ra 100 Mbps ọ̀kọ̀ọ̀kan, 6,400 ni wọ́n ti tà lórí 2,500. N kò ní pe ìyẹn lólè o. Gbogbo ilé kì í lo gbogbo tiwọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí a bá sì ní kí wọ́n ya ti oníkálukú sọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò ní ṣeé gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni òkè lọ́hùn-ún, níbi tí okùn àdúgbò púpọ̀ ti pàdé. Bí oníbàárà ṣe ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí wọ́n máa fẹ ibẹ̀ lójú. Owó ló ń ná wọn, ojú oníbàárà kò sì tó ibẹ̀, ni wọ́n bá ń sún un síwájú.

Ìyá kan tó ń fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ níṣirò lálaalẹ́ ló jẹ́ kí n rí i kedere. Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, 187 nínú 200. Mo ní, “Mà, kò sí ohun tó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì yín.” Ó wò mí títí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà dúró di alẹ́.” Mo dúró. Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, lórí okùn kan náà, 41, lẹ́yìn náà 29. Ping, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ tó fi ń bọ̀, tó jẹ́ 12 lọ́sàn-án (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń kà á) ti fò kọjá 300. Ohùn ọmọ tó ń dáhùn ìbéèrè ń já jánkan-jànkan, títí ọmọ náà fi dákẹ́. Ìyá pe ilé-iṣẹ́, wọ́n ní kó pa ráùtà kó tún un tàn. Ó pa á, ó tún un tàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá, ní aago mẹ́wàá. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òṣìṣẹ́ yẹn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá fíìmù wò ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀?

Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n pàápàá gba ìṣọ́ra. Speedtest ti Ookla, tó ti wà láti 2006, sábà máa ń yan sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí tìrẹ) tó sún mọ́ni jù, èyí sì lè jẹ́ sáfà tó wà nínú agbo ilé-iṣẹ́ tó ń tà fún ọ gan-an. Ojú ọ̀nà tiwọn nìkan lo wọ̀n nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, fíìmù Netflix ń wọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà Comcast, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, títí Netflix fi gbà láti sanwó fún Comcast lóṣù kejì ọdún yẹn kí wọ́n lè so pọ̀ tààrà. Lẹ́yìn náà ló yá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn ilé ẹnikẹ́ni. Ní 2016, Netflix gbé Fast.com tirẹ̀ jáde, àwọn sáfà tirẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ máa lo méjèèjì.

Kí n má baà gbàgbé: kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jáni kulẹ̀. Láti 2011 ni FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń gbé àpótí kékeré sílé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti fi wọn ìyára, ohun tí wọ́n sì rí ni pé fáíbà sábà máa ń pé iye tí wọ́n polówó. DSL, tó ń gba okùn tẹlifóònù àtijọ́, ló máa ń ṣẹ́yìn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìdámẹ́wàá àwọn oníbàárà bá ti rí iye kan, ilé-iṣẹ́ lè fi polówó tẹ́lẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2018, ó kéré tán ìdajì wọn gbọ́dọ̀ máa rí i láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Láti 2019, àwọn ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn Ofcom, àjọ tó ń bójú tó wọn níbẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ iye tí kò ní wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ kí o tó rà á. Bó bá wálẹ̀ tí wọn kò sì rí i tún ṣe láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, o lè bá tìrẹ lọ láìsan owó ìtanràn. Àwọn ará Jámánì náà gba ẹ̀tọ́ ní òpin 2021 láti dín owó tí wọ́n ń san kù, ṣùgbọ́n òfin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kí oníbàárà fi okùn wọ̀n ọ́n nígbà 30, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Taa ló ráyè ìyẹn? Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wù mí, nítorí ẹni tó ń tà á ló gbé ẹrù náà lé lórí.

Ẹ̀yin pàápàá, Olóòtú, ẹ ń gba ìpolówó wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ tẹ lẹ́tà tí mò ń fèsì sí yìí jáde, ìpolówó “títí dé 500 Mbps” gba ìdajì ojú ìwé lódìkejì rẹ̀. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá, ẹ bi wọ́n ní iye tí ìdajì àwọn oníbàárà wọn ń rí láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ 500 yẹn, kó tóbi bákan náà. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sọ ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ okùn íntánẹ́ẹ̀tì