Ẹ má tíì gé bọ́ọ̀sì alẹ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní owó ìlú ló ń ṣòfò lórí bọ́ọ̀sì tó ń ná ìlú kan sí èkejì lálẹ́, nítorí pé èrò mẹ́rin sí márùn-ún péré ló ń wà nínú rẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn mẹ́rin sí márùn-ún ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì, àbọ̀ ló ń rò kó tó ro àlọ. Bí kò bá dá a lójú pé òun yóò rí ọkọ̀ padà, kò ní wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ rárá. Yóò bẹ ẹni tó ní mọ́tò, tàbí kó tọrùn bọ gbèsè kó lè ra tirẹ̀. Ẹ gé ti alẹ́ kúrò, ẹ ó rí i pé èrò àárọ̀ náà yóò dín. Àwọn tó ń ka èrò yóò wá ní, "Ẹ ò rí i, àwọn èèyàn ò fẹ́ bọ́ọ̀sì mọ́," wọn yóò sì tún gé òmíràn.

Òǹkọ̀wé yín tún dábàá pé kí awakọ̀ máa dúró kí ọkọ̀ kún kó tó gbéra. Àwa tí à ń wọkọ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ọkọ̀ tó bá ti kún láti ìdíkọ̀, fèrè ló máa fọn fún wa kọjá. A ò sì ní mọ ìgbà tí òmíràn ń bọ̀, torí ọkọ̀ tó ń dúró de èrò kì í ní aago.

Ní Switzerland, láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ṣètò ọkọ̀ ojú irin wọn pé kó máa lọ ní wákàtí-wákàtí, ní ìṣẹ́jú kan náà. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó ń wọ abúlé máa ń bá a pàdé ní ibùdó. Èyí tó bá gbéra ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìkejì rẹ̀. Ọmọdé á mọ̀ ọ́n sórí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1986, yàtọ̀ sí London, ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń yan ọ̀nà àti àkókò tó bá wù ú. Ọ̀nà tó ń pa owó ni wọ́n ń dù. Ti alẹ́ àti ti ọjọ́ ìsinmi di ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ń sanwó kó tó rí. Manchester àti àwọn ìlú tó yí i ká, bíi Bolton àti Wigan, ti gba àkóso bọ́ọ̀sì wọn padà láti ọdún 2023, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025.

N ò ní kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì gbàǹgbà gbé èèyàn márùn-ún o. Kékeré tó, bó bá ṣáà ti lọ lákòókò. (Kó pẹ́ díẹ̀, mo lè fara dà á. Èyí tó ti lọ ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àkókò tó wà lára pátákó ni n kì í dárí jì.)

Ẹ bá mi sọ fún òǹkọ̀wé yín kó padà lọ láàárọ̀, kó bi àwọn tó kún inú bọ́ọ̀sì nígbà náà pé aago mélòó ni wọ́n ń darí sílé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, èrò bọ́ọ̀sì alẹ́