Àkànní, owó ta ni?

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ẹ o. Màmá ẹ ní kí n má kọ nǹkan kan, ó ní kí n pè ẹ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pè lọ́sẹ̀ yìí, á dún dún dún, á wá gé. Voice note náà ò bá mi lára mu, mi ò lè máa dá bá fóònù sọ̀rọ̀ bíi wèrè. Torí náà jókòó kó o kà á, ó máa gùn díẹ̀.

Gbogbo wa wà dáadáa. Orúnkún màmá ẹ ti ń fúyẹ́, ewúrẹ́ yẹn bímọ méjì, ọ̀kan kú. Owó JAMB àbúrò ẹ tó o ní o máa fi ránṣẹ́ kí oṣù tó parí, a ò rí i, mo ti yá a lọ́wọ́ Alájì tó ń ta símẹ́ǹtì, ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Mo rí fọ́tò tó o gbé sórí status. Àbúrò ẹ ló fi hàn mí. Ìwọ rèé nínú ọkọ̀ ojú omi ní Jabi Lake, o fi awò dúdú bojú, ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni, o fara ti Benz dúdú kan, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ, o wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe é. Mo ti ń yọ̀, wọ̀láì, mo ti ń pe màmá ẹ kó wá wò ó. Àfi ìgbà tí ọmọ aládùúgbò wa wá kí wa láti Abùjá, ó jẹun tán, ó ń họ eyín, ó ní ṣé a mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n fi ṣe akápò cooperative ibi iṣẹ́ yín báyìí. Ó rò pé òun ń yìn ẹ́ ni. Látọjọ́ náà mi ò rí oorun sùn.

Àkànní, owó ta lo fi ra mọ́tò yẹn?

Mo mọ iye tí wọ́n ń san fún ẹ, ìwọ náà lo sọ fún mi. Mo mọ iye tí ò ń san sílé tó ò ń gbé ní Kubwa. Mo sì ta pátì mọ́tò ní Panteka fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìtàn Benz fún mi, iná iwájú ẹ̀ nìkan, tókùnbọ̀ o, owó oṣù ẹlòmíì ò ká a.

Má bínú. Mi ò ní o jalè. Ọkùnrin tí ò bá lálàá mọ́tò, ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù. Kí là ń ṣe nídìí igi dòńgóyárò ní Panteka nígbà tí ọjà bá dákẹ́? Ọ̀rọ̀ mọ́tò, ọ̀rọ̀ obìnrin, ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tá a máa kọ́ sílé. Ọ̀gbẹ́ni kan wà láàárín wa tí ò mọ odò wẹ̀ rárá, ọkọ̀ ojú omi ni tiẹ̀, ó ní òun máa ra èyí tó ní ẹ́ńjìnnì, òun á máa fi ṣeré lórí odò Kàdúná. Odò Kàdúná tí ewúrẹ́ lè fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! À ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó má lá a mọ́.

Tèmi ni Pijó. 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná níbí, nígbà yẹn tó o bá ń kọjá ní Kakuri wàá rí wọn lọ rẹrẹẹrẹ, tuntun, tí oòrùn ń tàn lára wọn. Five-oh-four. Ó máa ń gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun bíi pé ẹṣin lo gùn. Àmọ́ ohun tó pa mí gan-an ni ilẹ̀kùn ẹ̀. Kì í dún gbàgà bíi ti àwọn mọ́tò yòókù, á kàn dún gbì, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìrọ̀rí já bọ́ sórí ẹní. Ìgbà míì màá lọ dúró níwájú báńkì láìní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, kí n ṣáà lè gbọ́ kí ọ̀gá kan ti ilẹ̀kùn.

Ní 1986, èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Owó wà lọ́wọ́ mi, inú páànù mílíìkì ni mo ń kó o sí. Mo mú un, mo fi ra àlòkù Pijó, station wagon. Mo ní mo yá a ni, mo ní màá dá a padà kó tó di Iléyá. Ṣé ohun tí ìwọ náà ń sọ fún ara ẹ nìyẹn, pé o yá a ni?

O fẹ́ mọ ibi tí mo kọ́kọ́ wà á lọ? Zaria. Obìnrin kan wà ní Sabon Gari níbẹ̀ tó ń ta léèsì. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí, ó ti bọ́ lẹ́nu mi náà nìyẹn. Kò sí nǹkan kan láàárín wa o, inú orí tèmi nìkan ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Mo wọ agbádá, mo gbé mọ́tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rọra ti ilẹ̀kùn kó lè gbọ́ ọ. Ó wo mọ́tò, ó wò mí, ó ní, "Há, ẹ ti wá ń wa táásì ni? Èló ni dé Kàdúná?"

Máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rín in báyìí, mi ò rín in lọ́jọ́ náà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn, ará wa kan kú, télọ̀ ni, àwọn èèyàn ẹ̀ ní àfi kí wọ́n gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá bá mi lálẹ́, àwọn márùn-ún, wọ́n ní kí n kówó wá. Mo dákẹ́. Mọ́tò wà níta, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀. Màmá ẹ gbé omi wọlé, ó rí ojú mi, ó gbé omi sílẹ̀, ó wọ yàrá. Ìgbà tó máa jáde, góòlù tí ìyá ẹ̀ fún un ló mú dání, ó ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó gbé e lé tábìlì, kò sọ nǹkan kan. O ò rí góòlù lọ́rùn màmá ẹ rí. O bi mí léèrè nígbà tó o wà ní pámárì tuú, mo ní kò fẹ́ràn ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún ẹ.

Owó yẹn náà ò tó láti tún háyà mọ́tò. Pijó yẹn la fi gbé òkú ọ̀hún, èmi ni mo wà á, Tegina, Mokwa, ó di Jẹ́bà. Nígbà tá a dórí afárá, mo bojú wo Odò Ọya nísàlẹ̀, àwọn apẹja ń tukọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ló bá sọ sí mi lọ́kàn pé ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí mà ń gbádùn o. Òkú ọkùnrin tí mo jẹ owó ẹ̀ wà lẹ́yìn mi, àlá míì ti bẹ̀rẹ̀! Bó ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Mi ò mọ oògùn ẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ẹ.

Ṣé ò ń jẹun sha? Màmá ẹ ní o ti gbẹ nínú fọ́tò yẹn. Ọmọbìnrin inú ọkọ̀ yẹn, ọmọ ta ni? Tó bá jẹ́ ọmọ dáadáa mú un wá sílé, yéé gbé ọmọ ọlọ́mọ káàkiri orí omi. Ìwọ tó jẹ́ pé o máa ń sunkún tá a bá gbé ẹ kọjá gọ́tà. Mi ò rí jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi lọ́rùn ẹ, ṣé wọn ò fún yín ni?

Tó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ ni, sọ fún mi, èmi nìkan, mi ò ní pariwo. Ilẹ̀ wa tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà, a lè tà á. Má jẹ́ kí wọ́n wá bá ẹ lálẹ́. Tó bá sì jẹ́ mọ́tò onímọ́tò lo kàn fara tì ya fọ́tò, òmùgọ̀ ni ẹ́, inú mi á sì dùn gan-an.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Rélùwéè ni mo máa wọ̀ ní Rigasa, màmá ẹ ò fẹ́ kí n gba títì. Má wá fi mọ́tò yẹn gbé mi ní Idu, mo máa wọ táásì. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó ẹ ni, owó ẹ gan-an, gbé e wá. Mo fẹ́ gbọ́ bí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣe ń dún.

Bàbá ẹ ni.