Máàkì JAMB nìkan kọ́ ló ń sọ ọmọ di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ Kẹ́mísírì ni mí níbí ní Ìbàdàn. Àwọn òbí tó fẹ́ kí ọmọ wọn di dókítà kì í tán lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu wọn ń ká mi lára.

Wọ́n gbà pé bí ọmọ bá ti gba 300 nínú 400 ní JAMB, ó bùṣe. Ọmọ á palẹ̀ ìwé mọ́, ìyá á ti máa pè é ní dókítà. Ẹ wo bí Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ń ṣe é: wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti post-UTME, ìyẹn ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba 300 ní 37.5 lọ́wọ́. Bó bá lọ gba 50 ní post-UTME, 25 ló fi kún un, àpapọ̀ rẹ̀ di 62.5. Ẹlòmíì gba 272 ní JAMB, kò pa ìwé dé, ó gba 78 ní ìkejì. 34 àti 39, ó di 73. Ẹni yìí ló máa gbapò mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn míì á tún ní 150 ni JAMB fọwọ́ sí lọ́dún 2025. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni yunifásítì kankan kò gbọdọ̀ gbà kéré sí lọ́dún náà. Ẹni tó ń wá ìṣègùn kò gbọdọ̀ fi ọkàn sí i rárá.

Ti Ìṣirò ló dùn mí jù. Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni wọ́n ń ṣe ní JAMB fún ìṣègùn, làwọn ọmọ bá pa Ìṣirò tì. Wọ́n gbàgbé pé yunifásítì á bèèrè kírẹ́díìtì rẹ̀ nínú WAEC tàbí NECO. Mo ti di èsì kan mú lọ́wọ́ rí: A1 ní Báyọ́lọ́jì, B2 ní Kẹ́mísírì, D7 ní Ìṣirò, èyí tí kò tó kírẹ́díìtì. Máàkì JAMB ọmọ náà dára gan-an, kò sì wúlò fún un lọ́dún yẹn.

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ìbéèrè 180 ni gbogbo JAMB, wákàtí 2 péré ni wọ́n fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì kó 60 níbẹ̀. Ọmọ tó ti há gbogbo egungun ara sórí á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á máa wá ibi tí máúsì wà, aago ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ó lè tẹ A, B, C tàbí D láti mú ìdáhùn, kó tẹ N láti bọ́ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dánra wò nílé, kí aago sì wà níwájú wọn. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹ́kísípò, ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, tó o fún wákàtí bíi mélòó kan ní ilé kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, olóòtú: bí JAMB bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, kí ẹ tẹ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá ń bèèrè fún ìṣègùn síbẹ̀. Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Kẹ́mísírì kan, Ìbàdàn