Sólà yunifásítì, ẹ jẹ́ kó kan àwa ará ìlú náà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Gwagwalada níbí ni mo ń gbé, ẹja inú fírísà ni mò ń tà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ gbogbo èrè mi, ni mo bá kó àjọ, mo fi ra sólà. Ó kọ́kọ́ dáa o, àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku bo pánẹ́ẹ̀lì pupa fòò, tó bá di òru fírísà á ti dákẹ́. Nígbà tó wá di ooru oṣù kẹta, bátìrì kan wú bíi búrẹ́dì. Mo pe àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀ láti Èkó, ọjọ́ kọkànlá ló tó dé, páálí ẹja méjì ti jẹrà.

Kó tó dé, mo bẹ ọmọ àdúgbò wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní yunifásítì, ọdún kẹrin ló wà, pé kó bá mi wò ó. Ó dúró tì í títí, ó ní, "Màámi, ẹ má bínú, inú ìwé la ti yà á, mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí." Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ rárá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyẹn. Ní Yunifásítì Bayero ní Kano, láti 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé iná sólà tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀, mẹ́gáwáàtì 7.1, wọ́n sì kọ́ ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn. Nínú ètò yẹn náà ni wọ́n ti mú àwọn ọmọbìnrin 20 tó ń ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ sólà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó pọ̀ sí i, kó má mọ sórí ọmọ 20, kó má sì parí sínú géètì ọgbà.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta sólà fún wa lókè ọya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá yunifásítì tó wà nítòsí dòwò pọ̀. IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, oṣù mẹ́fà tí àwọn ọmọ ẹnjiníà ń ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ṣe é lọ́dọ̀ yín, lórí òrùlé, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Kí yunifásítì náà ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe tí àwa ọlọ́jà lè gbé bátìrì wa lọ, a máa sanwó. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọ eruku ọyẹ́ wa àti ooru wa ju ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lọ, ṣebí wọ́n ní ibùdó ìwádìí agbára iná ní Sókótó ní Yunifásítì Danfodiyo láti 1982, ìmọ̀ ò wọ́n wa. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú àdéhùn ẹ̀yin àti yunifásítì kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé o, torí ohun tí wọn ò bá kọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí ẹ̀.

Bátìrì mi tó wú yẹn ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì jù ú nù. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ ẹ̀, kó wá gbé e, mi ò gba kọ́bọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja,
Gwagwalada, Àbújá